"Màámi, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín. Bàbá àwọn ọmọ mi ló máa ń rà á, tó bá ti kà á tán èmi á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, máa kà á títí dé ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi di ẹ̀lùbọ́ fún oníbàárà, ẹ má bínú, ọ̀rá ti wọ́n jù. Lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n gbé fóònù tí mo ń tẹ eléyìí. Ó ní àwọn ọmọbìnrin òde òní ló ń fọwọ́ ara wọn fa wàhálà, pé wọ́n á kàwé kàwé, wọ́n á wáṣẹ́ wáṣẹ́, wọ́n á máa ṣa ọkọ bí ẹni ṣa tòmátì, ìgbà tó bá di 37, 38 ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún àkọ́kọ́, wọ́n á wá máa da àwọn dókítà láàmú, wọ́n á sì máa bí ọmọ arọ. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, inú wá bí mi.

Irọ́ kọ́ ló pa o. Ọjọ́ orí ń ṣiṣẹ́ lára obìnrin, ta ló fẹ́ jiyàn ẹ̀? Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ, ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ àwa tá a ti bímọ jọ sílé. Ọmọbìnrin tó lóyún àkọ́kọ́ ní 38, gbogbo ayé ló wà lọ́rùn ẹ̀: ìyá ọkọ ń pè é láàárọ̀ lálẹ́, pásítọ̀ ń bá a gbààwẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ń tú Google yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ lóru, oyún ò tíì pé oṣù méjì tó ti lọ gba káàdì ní ọsibítù. Ta ló wà lọ́rùn ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó lóyún ní 43? Kò sẹ́nì kankan. Òun gan-an làwọn èèyàn ń lọ bá fún ìmọ̀ràn. Tẹ́ ẹ bá ní kó lọ fi orúkọ sílẹ̀, á ní ṣé ìgbà àkọ́kọ́ òun nìyí ni, òun mọ̀ ọ́n bí. Mo mọ̀ ọ́n bí! Èmi náà sọ ọ́, ó sì kù díẹ̀ kó gbé mi lọ.

Ọdún 2017 ni. Mo ti bí mẹ́rin, ẹni tó kẹ́yìn ń lọ sí ọdún 11, àkọ́bí mi obìnrin sì ti wà ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn tí mo bí ẹ̀kẹrin ni mo lọ fi lúùpù sí, ìfètò sọ́mọ bíbí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, wọ́n sì sọ fún mi nígbà náà pé ọdún 10 ni yóò lò. Nígbà tí ọdún 10 pé, mo lọ yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní ṣé kí àwọn fi òmíì sí, mo ní rárá o, ẹ jẹ́ kí ara mi sinmi, torí pé nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège nígbà yẹn, ó lè wá lóṣù yìí kó má wá fún oṣù méjì, ooru á máa mú mi lóru bí ẹni dáná sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bá sọ fún ara mi pé ọjà ti tú. Ọjà ò tíì tú o. Kò pé ọdún kan tí mo yọ ọ́ tí oyún fi dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹ̀rín ni pé mi ò mọ̀. Èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, mo lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, mo mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ìgbà tí ikùn ń le mo ní iju ni torí iju wà nínú ìdílé wa. Mo lọ ṣe síkáànù. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é ń tẹ nǹkan ẹ̀ mọ́ mi níkùn, ó ní "Màámi, ẹ kú oríire, ọ̀sẹ̀ 15." Mo ní oríire kí ni?

Ọmọ mi tó ti di nọ́ọ̀sì báyìí ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ pé ségesège kì í ṣe dídúró. Ẹyin lè má jáde lóṣù yìí kó jáde lóṣù tó ń bọ̀, kò ní fi tó ẹnikẹ́ni létí. Ó ní obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ bá dúró nígbà tí kò tíì pé 50, ọdún méjì gbáko tí kò rí i rárá ló yẹ kó kà kó tó fi ìfètò sọ́mọ bíbí sílẹ̀, ẹni tó bá ti lé ní 50 á ka ọdún kan. Ká ní ẹnì kan sọ ìyẹn fún mi lọ́jọ́ tí mo yọ lúùpù, mi ò bá má kọ lẹ́tà yìí. Àmọ́ bóyá wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́, tí mi ò gbọ́.

Ẹ jẹ́ n padà sí ọ̀rọ̀ mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá tí ọmọ ẹ̀ obìnrin ti tó lọ́kọ, ojú máa ń tì í láti gbé oyún kiri, wọ́n á ní ṣé ó fẹ́ bá ọmọ ẹ̀ du ìkúnlẹ̀ ni. Ojú tì mí. Mo dé àntínétà, ibi ìtọ́jú aláboyún, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé síkáànù yẹn, bẹ́ǹṣì gígùn kan báyìí la jókòó lé, à ń sún díẹ̀díẹ̀, ẹni tó jókòó tẹ̀ lé mi jẹ́ ọmọ tó bá àkọ́bí mi ṣe girama, ó rí mi, ó fẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn tiẹ̀ níbẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ mà, àǹtí ńkọ́ mà?" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìgbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì ò wojú mi, báírò ẹ̀ ti wà lórí káàdì, ó ní "Màámi, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Mo ní 36.

36 yẹn ò ṣàdédé wá o. Ó tó ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn tí wọ́n ní iṣẹ́ wà ní káńsù, wọn ò gba ẹni tó ti dàgbà jù, mo bá lọ sí kọ́ọ̀tù lọ búra, mo fi ọdún méje sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ò bọ́ sí i, àmọ́ ọjọ́ orí náà ò kúrò lẹ́nu mi mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka eléyìí, ẹ má wò mí báyẹn, ẹ lọ wo ìwé tiyín náà.

Irọ́ sì máa ń bímọ. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ mélòó lẹ ti bí, mo ní mẹ́rin. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni àkọ́bí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: tí mo bá jẹ́ 36 tí àkọ́bí mi jẹ́ 20, a jẹ́ pé ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà tí mo bí i, ìyá mi olóògbé á dìde wá bi mí níbi tó sùn sí. Mo bá gé àwọn ọmọ náà kúrú. Àkọ́bí di 13. Ẹni tó kẹ́yìn tó ń lọ sí 11, mo ní ọmọ ọdún 5 ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, obìnrin míì ló wà lórí káàdì yẹn, ó kéré sí mi, ara ẹ̀ dá ṣáṣá, kò sí nǹkan tó yẹ kéèyàn máa ṣọ́ lára ẹ̀. Obìnrin yẹn ni wọ́n wá ń tọ́jú láti ọjọ́ náà lọ. Èmi kọ́.

Mi ò mọ̀ pé nọ́ńbà méjì tí mo gé yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Olóyún tó bá ti wọ 40, wọ́n á sàmì sí i. Ẹni tó ti lé ní ọdún 10 tó ti bímọ kẹ́yìn, wọ́n á sàmì sí òun náà, torí pé tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bí oyún àkọ́kọ́ ló ṣe máa ń ṣe lára ẹni. Tí méjèèjì bá wá pàdé lára ẹnì kan, dókítà sábà máa ń ní kó máa lo aspirin tí agbára ẹ̀ kéré, 75 mílígíráàmù sí 150, lójoojúmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ 12 oyún, èyí á dín bí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ṣe ń yọjú kù. Kì í ṣe kí ẹ sáré lọ sí kẹ́míìsì o, dókítà ló mọ ẹni tó yẹ fún. Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀sẹ̀ 16, kò tíì pẹ́ jù fún mi. Tẹ́ẹ̀sì ṣúgà náà wà níbẹ̀, wọ́n á po glucose gíráàmù 75 fún èèyàn mu láàárọ̀ láì tíì jẹun, wọ́n á wá máa gba ẹ̀jẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni wọ́n ń ṣe é, torí ìtọ̀ ṣúgà inú oyún wọ́pọ̀ lára àwa àgbà ju àwọn ọmọdé lọ. Wọn ò pè mí sí ìyẹn náà. Obìnrin orí káàdì yẹn ò nílò ẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ 33, ẹsẹ̀ mi wú tí sálúbàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n ní oyún ọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú mi wú, òrùka ìgbéyàwó mi há. Ìyá kan ní ìsọ̀ kejì ní omi ni, kí n máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi láti iwájú, ọjọ́ kẹta ẹ̀ mo ń wọn ẹ̀lùbọ́ fún oníbàárà, mo ń ka kọ́ńgò, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ẹ̀rin. Oníbàárà ní "Ìyá, ẹ ti ka ẹ̀rin." Mo ní mo mọ̀, mo bù ú, mo tún ní ẹ̀rin. Nǹkan kan ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì lójú mi bí ìgbà tí oòrùn bá mú páànù, abẹ́ ìhà mi lọ́tùn-ún ń ro mí. Oníbàárà yẹn ló gba kọ́ńgò lọ́wọ́ mi tó pe ọlọ́kadà. Títí di òní mi ò mọ orúkọ ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó san owó ẹ̀lùbọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó san án.

BP mi, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru tó, jẹ́ 180 lórí 120. Tó bá ti pé 140 lórí 90 lára olóyún, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Wọ́n ti bébà kékeré kan bọ inú ìtọ̀ mi, àwọ̀ ẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ magnesium kí gìrì má baà mú mi, ó gbóná jáde láti inú iṣan débi pé mo rò pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi lára. Àkọ́bí mi ti dé láti ilé ìwé. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, ní "Ọmọ ọdún mélòó ni màámi?" Ọmọ mi ní 43. Ó ní káàdì ní 36. Ọmọ náà yíjú wò mí. Mo di ojú, kì í ṣe orí fífọ́ ló mú mi di í.

Dókítà ò bá mi jà. Ó fa igi lé 36 yẹn, ó kọ 43 sókè ẹ̀, ó ní "Ẹ bá ti sọ fún wa, mà."

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde lálẹ́ ọjọ́ kejì, kílò kan lé díẹ̀, ìtàn ẹ̀ gùn. Ilé ọmọ mi ò tètè súnkì, ẹ̀jẹ̀ ń dà, páìǹtì méjì ni wọ́n fún mi, bàbá àwọn ọmọ fún wọn ní ọ̀kan, àbúrò ẹ̀ fún wọn ní ìkejì. Nígbà tí mo lè jókòó, wọ́n gbé ọmọ náà sí mi láyà níhòòhò, wọ́n fi aṣọ so ó mọ́ mi bí ẹni pọnmọ síwájú, wọ́n ní ooru ara mi ni oògùn ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ó ti wà ní praimárì kejì báyìí, ẹnu ẹ̀ ò sì sinmi.

Mo ti lò tó láyé láti mọ̀ pé ẹlòmíì ò padà wálé láti ibẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú gbogbo obìnrin tí oyún tàbí ìbímọ pa lágbàáyé lọ́dún 2020, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó jẹ́ ará Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo o! Nígbà náà ni èèyàn á máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí á máa fi ọjọ́ orí ṣe fáàrí.

Ní ti arákùnrin onílẹ́tà, tó fi ọ̀rọ̀ ọmọ arọ dẹ́rù ba àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹyin tí obìnrin fi ń bímọ ti wà nínú ẹ̀ kí ìyá ẹ̀ tó bí i. Ìgbà tí ọmọ mi sọ ìyẹn fún mi, mo pàtẹ́wọ́. Ìyẹn ni pé ẹyin tó di ọmọ mi yìí ti wà ní àká fún ọdún 43. Èmi tí mò ń ta ẹ̀lùbọ́, mo mọ ohun tí iṣu gbígbẹ ń ṣe tó bá pẹ́ nílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń bà jẹ́, àmọ́ wàá ṣà á ju ti tuntun lọ. Ọmọ tó ní Down syndrome, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ àti ara ẹ̀ kì í tètè dàgbà bíi tẹgbẹ́ ẹ̀, tí ìyá bá jẹ́ 25, bíi kan nínú 1,250 ni. Ní 35, bíi kan nínú 350. Ní 40, kan nínú 100. Ní 45, kan nínú 30. Ó ń gòkè lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ka 100 yẹn dáadáa, 99 ò ní in. Arákùnrin ò ka ìyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù tí kò sì mẹ́nu bà ni oyún tó ń wálẹ̀: ní 40, ó tó bí ẹyọ kan nínú mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló sì jẹ́ pé ẹyin yẹn ni ò pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti fi irú oyún bẹ́ẹ̀ bá ìyá ọkọ jà, tí wọ́n ti tìtorí ẹ̀ pe ìyàwó kejì ní àjẹ́?

Ìbejì náà ń wọ́pọ̀ sí i bí obìnrin ṣe ń sún mọ́ 40, inú wa á dùn, a ó ní ti Ìgbò-Ọrà ti dé ilé wa, àmọ́ tí méjì bá wà nínú ìyá àgbà, ewu BP á di ìlọ́po.

Ó ku ọ̀rọ̀ Sárà. Tí mo bá ti ń sọ irú eléyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan á dìde, á ní Sárà bí ní 90, á ní ìyá ẹni ọdún 68 sì bí ìbejì ní LUTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì l'Ékòó, ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Òtítọ́ ni, ó wà nínú ìwé ìròyìn, mo bá wọn yin Ọlọ́run. Àmọ́ ìwé ìròyìn kan náà ló sọ pé IVF ni, ìyẹn oyún tí wọ́n pò pọ̀ níta kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àwọn ọmọ jáde, pé ńṣe ni àwọn dókítà oríṣiríṣi kó ara wọn jọ nítorí ọjọ́ orí màmá náà. Èyí kì í dé orí pẹpẹ. LUTH yìí náà ni wọ́n ti bí ọmọ IVF àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1989, iṣẹ́ náà ò ṣàjèjì sí wọn. Obìnrin tó bá fi IVF bí lẹ́yìn 50, ẹyin ọ̀dọ́bìnrin míì ni wọ́n sábà máa ń lò, ìyẹn dín wàhálà ẹyin kù, àmọ́ ọkàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ilé ọmọ, tirẹ̀ ni, ọjọ́ orí tirẹ̀ náà ló sì wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó ń yá wọn.

Ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ dákẹ́ ẹ̀rín. Àtọ̀ náà ń gbó. Ẹ bi dókítà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má bímọ ní 40 o. Ọ̀pọ̀ ló ń bí wẹ́rẹ́, tí wọ́n bá tètè fi orúkọ sílẹ̀, tí wọ́n lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n wá (ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ báyìí, láti 2016 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé yẹn, ti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀), tí wọn ò sì fi ilé ìgbẹ̀bí tàbí àbíwẹ́rẹ́ rọ́pò ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti yàrá iṣẹ́ abẹ wà. Ẹjọ́ tí mo wá rò ò ju ti bẹ́ǹṣì yẹn lọ.

Lóṣù tó kọjá ni mo tẹ̀ lé oníbàárà mi kan lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn ti wọ girama. Lójú ọ̀nà ló ti ń sọ fún mi pé òun á ní 34, pé ara òun gbà á, ó sì gbà á lóòótọ́, ara ẹ̀ ń dán. Bẹ́ǹṣì náà ò yí padà. Nígbà tó kàn án, nọ́ọ̀sì kan tó kéré sí ọmọ mi ní "Màámi, ọmọ ọdún mélòó ni yín?" Ó la ẹnu, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó wò mí bí ẹni fẹ́ gbá mi létí. Ó ní 41.

Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó kọ ọ́, ó ní ọmọ mélòó lẹ ti bí?

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.
(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi gangan síbẹ̀, wọ́n ṣì ń rò pé mo kéré ní ìsọ̀ wa.)